Ìlú tí èrò ọkọ̀ kì í sanwó

Ìlú Dunkirk wà ní etíkun àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ilẹ̀ náà ti fẹ́ kan Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn tó mọ ìtàn ogun àgbáyé kejì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: ibẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó ọmọ ogun tó lé ní 338,000 sá lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1940. Bọ́ọ̀sì ló tún sọ ọ́ di ìlú tí wọ́n ń dárúkọ lóde òní. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ kàn ń wọlé ni, á wá ibi jókòó, ọkọ̀ á sì gbéra. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí káàdì, kò sí "owó dà?" Àti ọmọ ìlú, àti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ yẹn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Dunkirk àti àwọn ìlú tó yí i ká kò ju nǹkan bí 200,000 èèyàn lọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò máa ń ni lára. Kò tóbi tó èyí tí ìjọba yóò tìtorí rẹ̀ gbẹ́lẹ̀ kí ọkọ̀ ojú irin lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré tó èyí tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já. Kí ètò tuntun yìí tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìrìn 100 tí àwọn èèyàn bá rìn nínú ìlú, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń gbé wọn lọ sí nǹkan bí 65. Ti bọ́ọ̀sì kò ju nǹkan bí 5 lọ. Ẹni tó bá ní mọ́tò ń gbé e jáde. Àwọn tó ṣẹ́ kù síbùdókọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó, àti ẹni tí kò rówó ra ọkọ̀.

Báwo ni ìlú ṣe wá ń rí owó ọkọ̀ san fún gbogbo èèyàn? Ìṣirò ibẹ̀ ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú gbogbo owó tí bọ́ọ̀sì Dunkirk ń ná lọ́dún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni èrò ń fi tíkẹ́ẹ̀tì san tẹ́lẹ̀. Lára ìyókù ni owó tí òfin Faransé gbà kí ìlú máa gbà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 11, torí ọkọ̀ èrò. Dunkirk ti gbé tirẹ̀ sókè láti 1.05% sí 1.55% owó oṣù òṣìṣẹ́ kí Patrice Vergriete tó di olórí ìlú lọ́dún 2014. Vergriete fagi lé gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kan tí ìlú ti ń gbèrò láti kọ́, kí owó rẹ̀ lè wà fún bọ́ọ̀sì, ó sì kọ́kọ́ dán bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wò ní òpin ọ̀sẹ̀, láti ọdún 2015.

Awakọ̀ ń gba owó oṣù rẹ̀ yálà èèyàn mẹ́rin ló gbé tàbí ogójì, epo tí ọkọ̀ ń jẹ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìlú kékeré tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń rìn lófìfo ti sanwó àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ní Paris, níbi tí ọkọ̀ ti ń kún fọ́fọ́ tí owó èrò sì jẹ́ òbítíbitì, ìṣirò yìí kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń wọ Micra ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta yóò tètè rí ìyàtọ̀ náà. Owó ọkọ̀ ni ohun gbogbo dúró lé lórí níbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni awakọ̀ ti ń ra epo, nínú rẹ̀ ló ti ń san ti ẹgbẹ́ onímọ́tò ní gáréèjì, nínú rẹ̀ náà ni owó ẹni tó ni ọkọ̀ ti ń jáde lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ kún kó tó gbéra, tí èrò tó kọ́kọ́ wọlé yóò fi máa làágùn títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kíá ni owó ọkọ̀ fò sókè, torí awakọ̀ kò ní àpò mìíràn tó lè ki ọwọ́ bọ̀.

Ọ̀fẹ́ nìkan kọ́ ni Dunkirk ṣe, ibí sì ni àwọn tó ń fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń gbójú fò. Wọ́n tún ọ̀nà bọ́ọ̀sì tò látìbẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ tí bọ́ọ̀sì ń kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́sàn-án, débi pé èèyàn kò nílò láti mọ aago kó tó jáde nílé. Láàárín ọdún kan, èrò fi ju ìdajì lọ pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí bi àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ léèrè, ó sún mọ́ ìdajì wọn tó ní mọ́tò làwọn fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Templin. Ìlú kékeré ni Templin, ní ìlà oòrùn Jámánì, ó sì sọ bọ́ọ̀sì di ọ̀fẹ́ ní ìparí ọdún 1997. Èrò tí kò ju 41,000 lọ lọ́dún fò dé 350,000 láàárín ọdún kan; nígbà tó fi máa di 2001, wọ́n ti kọjá 500,000. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú èrò tuntun náà ló jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́. Mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù lójú títì, ìnáwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú lọ́rùn. Lọ́dún 2003, wọ́n dá sísan owó padà, wọ́n sì ní kí èèyàn máa ra káàdì ọdọọdún.

Hasselt ní Bẹ́ljíọ̀mù pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1997 ni bọ́ọ̀sì ti di ọ̀fẹ́ níbẹ̀, èrò sì kúrò ní nǹkan bí 360,000 lọ́dún, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ọkọ̀ tó ń kún bẹ́ẹ̀ kò lè wà bó ṣe wà: wọ́n ní láti ra òmíràn, kí wọ́n sì gba awakọ̀ kún awakọ̀. Lọ́dún 2013, ìlú ní agbára òun kò gbé e mọ́, àgbàlagbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í san 60 sẹ́ǹtì yúrò. Wọ́n fi àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19 sílẹ̀ kí wọ́n ṣì máa wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Montpellier ní gúúsù Faransé sọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, nígbà tí àlejò ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èèyàn ibẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti Dunkirk lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Faransé fi Patrice Vergriete ti Dunkirk ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ìrìnnà.