Ta ló bí ta láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní? Ohun tó yẹ kí Yorùbá tó ń gbé Ubeji mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àti níbi ìsọmọlórúkọ, pàápàá tí ọtí bá ti wọra díẹ̀: "Ṣebí Yorùbá náà ni àwọn Ìṣẹ̀kírì yìí, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá ni." Ẹni tó bá sọ ọ́ a máa fi èdè ṣe ẹ̀rí. Ó ní ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run ní Oritse, tí àwa ń sọ pé Òrìṣà. Ẹ gbọ́ orúkọ bíi Toritseju, kí ló tún kù níbẹ̀ ju pé ti Ọlọ́run ló jù? Kò purọ́. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá sọ pé ìdílé kan náà ni èdè Ìṣẹ̀kírì àti Yorùbá. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Onílé tó bá gbọ́ ìdajì yìí lẹ́nu àlejò lè bínú, kò sì jẹ̀bi, nítorí ìdílé ọba rẹ̀ kò wá láti Ifẹ̀. Ìbíní ni wọ́n ti wá.

Ìtàn sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1480, Ginuwa, ọmọ Ọba Olua ti Ìbíní, kúrò nílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjòyè. Inú àpótí igi ìrókò ni wọ́n ní wọ́n kó wọn sí kí ará ìlú má baà mọ̀. Wọ́n rin omi títí, Ginuwa kú sí Ijala, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin àwọn Olú sí títí dòní. Ìran rẹ̀ ló tẹ̀ síwájú tó fi Ode-Itsekiri ṣe ibùjókòó. Wọn kò bá ilẹ̀ náà lófìfo o. Àwọn kan ti wà níbẹ̀, ìtàn Ugborodo sì sọ pé ọ̀dọ̀ Ìjẹ̀bú ni àwọn baba wọn ti wá. Ẹ wá wò ó bí: ará ìlú ń sọ èdè tó jọ tiwa, ọba sì gbé oyè Ẹ̀dó wá. Ogiame tí wọ́n fi ń ki Olú, èdè Ẹ̀dó ni: "ogie" ni ọba, "amẹ" ni omi. Oyè Uwangue tó wà láàfin Warri wà láàfin Ìbíní náà. Kò sì tíì tán, nítorí aya Ogiame Atuwatse III, tó gorí ìtẹ́ lọ́jọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún 2021, ọmọ Ẹ̀dó ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń di ariwo ni ti Ifẹ̀ àti Ìbíní gan-an. Àwa ń sọ pé nígbà tí ìjọba àwọn Ogiso dàrú, àwọn àgbà Ìbíní ránṣẹ́ sí Ifẹ̀, Odùduwà rán Ọ̀rànmíyàn sí wọn, ọmọ tó bí síbẹ̀ ni Eweka, ọba àkọ́kọ́ nínú ìran tó ń jẹ títí di òní. Jacob Egharevba, ọmọ Ẹ̀dó tó kọ ìtàn Ìbíní ní àwọn ọdún 1930, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2004, Ọba Erediauwa gbé ìwé tirẹ̀ jáde, ó ní Odùduwà gan-an ni Ekaladerhan, ọmọ Ogiso tí wọ́n lé kúrò ní Ìbíní. Ẹ rántí bí ìwé ìròyìn ṣe gbóná lọ́dún náà, tí Ifẹ̀ fèsì, tí Ìbíní náà fèsì. Lójú tèmi, kò sí àǹfààní fún ẹni tó ń gbé Ubeji láti máa bá ọmọ Ẹ̀dó jà lórí èyí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbà pé okùn kan so ìlú méjèèjì pọ̀. Ibì kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó títí di òní. Adó yẹn, Ìbíní ni.

Okùn yẹn hàn jù lọ nínú iṣẹ́ idẹ. Ìtàn tí Egharevba kọ sílẹ̀ ni pé Ọba Oguola ló ní kí Ọ̀ọ̀ni, tí àwọn Ẹ̀dó ń pè ní Oghene, fi alágbẹ̀dẹ idẹ ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tó wá ń jẹ́ Iguegha, àwọn oníṣẹ́ idẹ Ìbíní sì ń bọ ọ́. Àdúgbò Igun ní ìlú Bẹ̀nín ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Igun Eronmwon wà, tí bàbá ń kọ́ ọmọ. Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú ère, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, ara ìda yìí ni wọ́n ti máa fín ojú, imú àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ọrùn ọba. Wọ́n á tún fi amọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí àlàfo tó fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lo amọ̀ kan, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ kí ère tó jáde. Tí idẹ kò bá dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti ṣòfò nìyẹn. Àwọn Potogí ló ń kó ẹ̀gbà idẹ wá tà, ìwádìí kan tó jáde ní 2023 sì fi hàn pé ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti wa ohun tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú idẹ ọ̀hún.

Oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbíní. Omi apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n gbà wọlé, Warrigi ni wọ́n kó ẹrù ogun jọ sí, Dogho, olóyè Ìṣẹ̀kírì, sì wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló kú sí ní 1914. Àwọn ère wá di ohun tí wọ́n ń tà kiri ilẹ̀ òyìnbó. British Museum nìkan ní ju 900 lọ. Nígbà FESTAC 1977, Nàìjíríà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yá wa ní ìbòjú Ìyá Ọba Idia, wọ́n kọ̀, ẹ̀dà ni a fi ṣe ayẹyẹ.

Ìyípadà ti dé díẹ̀. Jámánì dá 22 padà lóṣù kejìlá 2022, Netherlands dá 119 padà ní 2025. Àmọ́ ìjà mìíràn ṣẹ́yọ: ta ni yóò tọ́jú wọn? Lóṣù kẹta 2023 ni Ààrẹ Buhari fi òǹtẹ̀ lù ú pé Ọba Ìbíní ló ni wọ́n. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun tó ń jẹ́ MOWAA fẹ́ ṣí ní ìlú Bẹ̀nín lóṣù kọkànlá 2025, àwọn afẹ̀hónúhàn ya wọ inú rẹ̀, wọ́n ní tirẹ̀ kò ti ààfin wá. Èmi rò pé ohun tí wọ́n jí láàfin, ààfin ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Igun ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ère idẹ ta ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ, kó gba ọ̀nà Sapele lọ, yóò débẹ̀, yóò nájà, yóò sì padà sí Ubeji lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kó tó fi ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pé iṣẹ́ tuntun ni, nítorí àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú kì í fojú mọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá.