Ọ̀nì àti Ọkọ̀ Ọ̀pẹẹrẹ

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1985, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan, Val Plumwood, ń dá tu ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ nínú igbó ọba Kakadu, lápá àríwá ilẹ̀ Ọsirélíà. Àsìkò òjò ni, omi ti kún bo ilẹ̀. Ó rí ohun kan níwájú tó jọ igi tó léfòó. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ló rí i pé igi náà lójú. Kó tó yà fún un, ọ̀nì ti kan ọkọ̀ gbàgà, ó tún un kàn, ó sì ń kàn án lọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà forí lé bèbè odò, ó fẹ́ fò mọ́ ẹ̀ka igi kan, àfi bí ọ̀nì ṣe ta jáde nínú omi, tó gbá a mú láàárín itan, tó sì wọ́ ọ wọ ibú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yí i bíríbírí lábẹ́ omi. Bí ọ̀nì ṣe ń pa ẹran ńlá nìyẹn. Eyín rẹ̀ wà fún ìdìmú, kò wà fún rírún, nítorí náà á máa yí ara rẹ̀ títí ẹran á fi mumi kú tàbí tí ẹ̀yà ara á já. Plumwood já bọ́ níkẹyìn. Ó fi ìka gun bèbè ẹlẹ́rẹ̀, ó fi itan tó ti ya rìn, nígbà tí kò lè rìn mọ́ ó ń wọ́ nílẹ̀, títí ẹ̀ṣọ́ igbó kan fi gbọ́ igbe rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ pa ọ̀nì náà, òun gan-an ló kọ̀. Ó ní òun lòun wọ ilé onílé. Mo gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nì omi iyọ̀ ni irú ọ̀nì tó mú Plumwood. Akọ rẹ̀ tó dàgbà tán lè gùn tó mítà 6, kó sì wúwo tó kílò 1,000. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ mìíràn ò tó o gùn. Síbẹ̀, ó lè fi gbogbo ara rì, kó ku ojú, etí àti ihò imú nìkan lókè omi, nítorí òkè orí ni gbogbo wọn wà. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára àgbọ̀n rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù: wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára bí omi bá mì, bó ti wù kó kéré tó. Bí àjẹ̀ bá ti kan omi, onílé ti gbọ́ pé àlejò dé.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kékeré fi léwu. Etí rẹ̀ ò ga, ejìká atukọ̀ ò sì jìnnà sí omi. Akọ ọ̀nì tún ń jowú ibùgbé rẹ̀, pàápàá lásìkò ìgùn, ó sì lè rò pé akọ mìíràn ló ń bọ̀.

Ìrírí kì í gbani nínú èyí. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2010, Hendrik Coetzee, atukọ̀ tó mọ odò Áfíríkà dáadáa, wà lórí odò Lukuga ní ilẹ̀ Kóńgò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ méjì. Ẹ̀yìn ni ọ̀nì gbà yọ sí i, ó sì gbé e lọ lójú wọn. Wọn ò rí òkú rẹ̀.

Ọ̀nì odò tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kéré sí ti Náílì, ara rẹ̀ sì balẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nì náà ni. Ẹ̀yin apẹja àti ẹ̀yin tó ń fi ọ̀pẹẹrẹ sọdá omi tí ọ̀nì ń gbé, ẹ má ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ omi láti inú ọkọ̀. Ẹ má máa la ẹja sí èbúté kan náà lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò náà di ọ̀la.