Ọ̀sẹ̀ méjì láàárín erékùṣù Gíríìsì: Afẹ́fẹ́ ló ń yan ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó háyà ọkọ̀

Àwọn tó máa ń ka Bíbélì dáadáa kò ní í ṣàì rántí ìrìn àjò Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù tó wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27. Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ ní erékùṣù Kírétè pé àsìkò ti lọ, pé ewu wà nínú ìrìn àjò náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá atukọ̀ àti ẹni tó ni ọkọ̀ ni balógun ọ̀rún gbà gbọ́. Afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ kan fẹ́ láti gúúsù, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá, ni wọ́n bá ṣíkọ̀. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé, ó sì ń gbá wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọkọ̀ náà tó fọ́ sí etí erékùṣù Mẹ́lítà, èyí tí a ń pè ní Malta lónìí. Àwọn 276 tó wà nínú rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti ẹrù ṣòfò.

Ó ti lé ní 1,900 ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀, Òkun Mẹditaréníà kò sì tíì yí ìwà padà. Lóde òní, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń bómi lọ níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ jákujàku wá ọ̀nà dé Yúróòpù. Lórí omi kan náà ni àwọn mìíràn ti ń fi owó ara wọn háyà ọkọ̀ onígbòkun fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn láti gbádùn ara wọn. Ilẹ̀ Gíríìsì wà lára ibi tí irú òwò yìí ti gbilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèrò irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, tàbí tó ní ọmọ lókè òkun tó ń gbèrò rẹ̀, ní láti mọ̀ pé ọ̀nà àbọ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò kí a tó ro ọ̀nà àlọ.

Bí wọ́n ṣe ń háyà ọkọ̀

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sábà máa ń gba ọkọ̀ ní Gíríìsì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti padà sí èbúté ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, kí àwọn tó ni ín lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tún un ṣe fún ẹlòmíràn tó ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ tu ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí atukọ̀, kó sì ní igbákejì tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá ní, yóò gba atukọ̀ tó ń gbowó iṣẹ́. Yàtọ̀ sí owó háyà, owó ìdógò tún wà. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, inú owó yẹn ni wọ́n ti máa yọ owó àtúnṣe.

Èbúté tí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ báyìí ti ń gbéra ni Alimos, tó wà lẹ́bàá ìlú Áténì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọjú sí àwọn erékùṣù Cyclades, tó lé ní 200 bí a bá ka kékeré mọ́ ńlá. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òbìrìkìtì ni orúkọ yẹn ti wá, nítorí pé ṣe ni àwọn yòókù dà bí ẹni yí Delos, erékùṣù mímọ́ ayé àtijọ́, ká.

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Meltemi

Meltemi ni olúwa omi Cyclades nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àríwá ló ti ń fẹ́ wá, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ohun tó ń fà á ni pé afẹ́fẹ́ tó wúwo máa ń jókòó sórí ilẹ̀ Balkan, nígbà tí ooru ilẹ̀ Tọ́kì ń sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di fúyẹ́. Òkun Aegean tí Cyclades wà nínú rẹ̀ ló bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì.

Kì í fi ìkùukùu tàbí òjò kìlọ̀. Sánmà á mọ́ kedere, oòrùn á máa ràn, síbẹ̀ òkun á máa ru. Òṣùwọ̀n tí Francis Beaufort, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ ní 1805 ni àwọn atukọ̀ fi ń wọn afẹ́fẹ́, láti 0 dé 12. Meltemi máa ń dé 6 tàbí 7, nígbà mìíràn 8. Bó bá ti dé 7, ó ń sáré tó kìlómítà 50 sí 61 láàárín wákàtí kan. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ tó bá ká mọ́ èbúté, ibẹ̀ ni yóò wà.

Òkun yìí kì í sì í dárí ji aláìbìkítà, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ńlá ló ń tù. Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000, ọkọ̀ akérò kan tó ń jẹ́ Express Samina, tó kó èèyàn tó lé ní 500, fi orí sọ àpáta nítòsí erékùṣù Paros lóru, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan. Bí èèyàn 80 ló bá a lọ. Ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá atukọ̀ náà àti igbákejì rẹ̀ lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà

Santorini ni ọkàn ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fà sí, nítorí ilé funfun rẹ̀ tó wà lórí òkè gàgàrà. Gúúsù ló wà sí Áténì, nítorí náà ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń ti ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n á fi débẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà àbọ̀ láti Santorini lé ní 120 máìlì ojú òkun. Mítà 1,852 sì ni máìlì ojú òkun kan, èyí ni pé ó lé ní kìlómítà 220. Ọkọ̀ onígbòkun kò sì lè kọrí sínú afẹ́fẹ́ tààrà. Ó ní láti máa yà sọ́tùn-ún, kó tún yà sósì, bí ẹni tó ń gun òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà á sì máa gùn sí i. Bí Meltemi bá wá gbéra sọ, tí ọjọ́ Jímọ̀ ń sún mọ́lé, tí ọkọ̀ òfuurufú kò sì ní í dúró de ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ẹlòmíràn á fi tipátipá wọ òkun, ibẹ̀ ni èèyàn sì ti ń fara pa. Ẹlòmíràn á fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, á wọ ọkọ̀ akérò padà, á sì tún sanwó fún ẹni tí yóò bá a tu ọkọ̀ náà délé.

Santorini fúnra rẹ̀ kò rọrùn láti gúnlẹ̀ sí. Ẹnu òkè ayọnáyèéfín tó bú gbàmù nígbà ìwáṣẹ̀ ni omi tó wà níwájú àwọn ilé funfun yẹn. Ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdákọ̀ró kì í fi í kan ìsàlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilẹ̀ ń mì léraléra lágbègbè náà débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sá kúrò ní erékùṣù yẹn.

Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání

Ẹni tó bá gbọ́n, ìgbà tí ara ṣì le ni yóò kọ́kọ́ lọ sí ìhà àríwá. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, kó ti Alimos lọ sí Sounion, níbi tí tẹ́ńpìlì Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ti wà láti bí 2,400 ọdún ó lé. Kò ju nǹkan bíi máìlì ojú òkun 25 lọ. Ọkọ̀ tó ń rin máìlì 5 ní wákàtí kan á fi wákàtí 5 débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kea, kó tó kan Syros, kó tó wá kan Mykonos. Láti Mykonos, kó yà wo Delos lójú ọ̀sán, nítorí èèwọ̀ ni kí àlejò sùn síbẹ̀. Ní ọdún 426 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Áténì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bímọ tàbí kú ní Delos. Erékùṣù Rheneia tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé aboyún àti ẹni tó ń kú lọ lọ.

Láti Mykonos, afẹ́fẹ́ á ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ dé Paros. Láti ibẹ̀, kó gba ìwọ̀ oòrùn lọ sí Sifnos, kó wá gba Serifos àti Kythnos padà sí Sounion, kó sì wọ Alimos. Àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn yìí tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, èbúté sì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí ló ń jẹ́ kí èèyàn lè máa bu ọ̀nà ilé rìn díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju máìlì ojú òkun 250 lọ. Ìrìn 10 ni nínú ọjọ́ 13, ó ṣẹ́ ku ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta yìí kún ìgbafẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ni ín.

Ó tún dára kí wọ́n máa ṣíkọ̀ ní kùtùkùtù, torí ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń le sí i, èbúté kékeré sì máa ń tètè kún. Ẹni tí iṣẹ́ atukọ̀ kò tíì mọ́ lára lè lọ ní oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án. Ó sì lè kọjú sí àwọn erékùṣù Ionian ní ìwọ̀ oòrùn Gíríìsì, bíi Corfu, Paxos, Lefkada àti Ithaca, níbi tí Meltemi kì í ti í yọni lẹ́nu. Àwọn tó bá sì fẹ́ wà nítòsí Áténì ní Aegina, Poros àti Hydra.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Kí okùn ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan pé bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, àwọn á yọ erékùṣù kan tàbí méjì kúrò, láìsí ìjà, láìsí ìtìjú. Erékùṣù kì í sá lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ṣì wà níbẹ̀.