Ọjọ́ tí dátábéèsì kọ̀: láti Ìdírókò dé Lomé, dé sáfà Amẹ́ríkà

Ẹni tó wọkọ̀ ní Ìlarò, tó sọdá ní Ìdírókò, tó gba Àjàṣẹ́ kọjá sí Kútọnú, kò ní í fọwọ́ kan aago ọwọ́ rẹ̀. Aago kan náà ni Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń lò: wákàtí 1 ni wọ́n fi ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ó di ìgbà tó bá kọjá Hilla-Condji wọ Tógò kí aago tó fi wákàtí kan padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ ẹrù tó kúrò lọ́dọ̀ aṣọ́bodè Bẹ̀nẹ̀ ní aago 10:00 lè wọlé sọ́dọ̀ àwọn ti Tógò ní 9:20. Awakọ̀ kò ní í bìkítà. Ṣùgbọ́n ẹ kó àkọsílẹ̀ méjèèjì sínú dátábéèsì kan, kí ẹ ní kó ṣírò àkókò tí ọkọ̀ náà lò: yóò ní ó ti dé kó tó gbéra.

Nígbà kan rí, ibodè Yewa gan-an ni aago ti ń yí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 1919 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí kan ṣáájú Greenwich; Dàhòmì (Bẹ̀nẹ̀ òde òní) tó wà lábẹ́ Faransé kò ṣe bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kejì, 1934. Fún ọdún tó lé ní 14, Ìmẹ̀kọ àti Kétu tí wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn ń ka aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí, orúkọ aago Bẹ̀nẹ̀, Africa/Porto-Novo, kàn ń tọ́ka sí ti Nàìjíríà, Africa/Lagos, ni, nítorí náà ìyàtọ̀ ìgbà náà ti pa rẹ́. Ẹni tó ń to ìwé ìtàn ló máa dùn, kì í ṣe oníṣòwò.

Ohun tó máa ń dá akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìlarò tàbí ọ̀dọ́ Ayétòrò tó ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró kéré ju ti ibodè lọ. Ọjọ́ la kọ́kọ́ máa ń kọ nílé ẹ̀kọ́ wa, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún gbẹ̀yìn: 13/05/2024. Dátábéèsì MySQL ń retí 2024-05-13, ètò tí ìlànà ISO 8601 ti 1988 fi lélẹ̀. Tó bá rí tiwa, yóò ka 13 sí ọdún, 05 sí oṣù, 2024 sí ọjọ́, yóò sì kọ̀ ọ́. Èyí tó kọ̀ kò burú. Èyí tó gbà ni kí ẹ bẹ̀rù: ẹni tó tẹ 05/08/12, tó ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2012 lọ́kàn, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2005 ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á gbàgbé àmì àyọlò tó yẹ kó yí ọjọ́ ká. Láìsí i, 2024-05-13 di ìṣirò àyọkúrò, èsì rẹ̀ sì jẹ́ 2006. Nínú èdè kóòdù PHP ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà m dúró fún oṣù, i ló dúró fún ìṣẹ́jú. Ẹni tó kọ H:m:s yóò rí i pé gbogbo owó tí wọ́n san nínú oṣù Karùn-ún wọlé nígbà tí aago lé ìṣẹ́jú 5 gééré.

Láyé àtijọ́, MySQL á gbé 0000-00-00 sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dípò ọjọ́ tí kò yé e. Láti ẹ̀dà 5.7 ti ọdún 2015, ó ń kọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó yí ètò rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ń dá iṣẹ́ dúró bí wọ́n bá gbé e lọ sórí sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò náà. Àwọn ènìyàn a máa bú sáfà. Kóòdù náà ló ti ń purọ́ tipẹ́.

Sáfà náà lè wà ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, 2024, aago fò láti 2 òru sí 3 ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Ẹni tó fi 02:30 ọjọ́ náà ránṣẹ́ láti Ìlarò sínú àyè TIMESTAMP (àyè tó ń pa ọjọ́ àti aago mọ́) lórí sáfà tó ń lo aago New York, wọ́n lè kọ̀ ọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ wákàtí náà wà ní Nàìjíríà láìsí àbùkù. Kẹ́ ẹ tó tún kóòdù kọ, ẹ bi dátábéèsì léèrè: SELECT NOW(), UTC_TIMESTAMP(). Bí aago méjèèjì bá bára mu, UTC ni sáfà ń lò. Bí NOW bá fi wákàtí 1 ṣáájú, tiwa ni. Bó bá fi wákàtí 4 tàbí 5 rẹ̀yìn, aago New York ló sábà máa ń jẹ́. UTC ni kí ẹ máa fi pamọ́, kí ẹ sì yí i sí Africa/Lagos nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi han ènìyàn. Fún ọkọ̀ ẹrù, ẹ kọ orúkọ ibodè mọ́ ọn.

Àyè TIMESTAMP yìí kan náà kò kọjá ọjọ́ 19 oṣù Kìíní, 2038, aago 04:14:07 òru ní Nàìjíríà. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ tó máa parí ní 2040 kò lè wọ inú rẹ̀, àní bí a bá tẹ̀ ẹ́ lónìí. Àyè DATE ni kí ẹ fi gbà á. Ìyẹn dé ọdún 9999.