Ẹnu tí kòkòrò ibà fi ń jẹun

Ní Pira, ní kọmúnù Bantè, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa tí ewé iṣu sì ti bo ebè, ibà a máa wọlé tọ àwọn ọmọdé. Ìyá a gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn a gún un níka, wọn a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ibà, wọn a fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ ti tutù, ó ti ń ṣeré. Ìyá a fi oògùn tí ó kù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Owó kò pọ̀ nílé, ìṣọ́ra sì ni èyí jẹ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò tíì parí.

Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ni a fi kọ́ ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì kan dàbí agbo ilé: ó ní ògiri, ó ní ẹnu ọ̀nà, ẹrù ń wọlé, ẹrù ń jáde. Àwọn èròjà tí a ń pè ní púrótéènì ni ń darí ẹrù náà, wọ́n sì ń kó ara wọn jọ bí àwọn tí ń ṣe ọ̀wẹ̀. Àwọn kan ń ṣí ẹnu ọ̀nà, àwọn kan ń di ẹrù sínú àpò. Àwọn mìíràn ń ya ohun tí ó ṣì wúlò sọ́tọ̀, kí ó lè padà sí ipò rẹ̀, bí ẹni tí ń ṣa kájú tí ó dára kúrò lára èyí tí ó bàjẹ́.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni kòkòrò ibà náà, Plasmodium falciparum. Bí ẹ̀fọn bá ti fi í sínú ara, ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Àlejò tí ń jẹ ilé onílé ni. Ó ń la ẹnu kékeré kan lára rẹ̀, àwọn púrótéènì rẹ̀ yí ẹnu náà ká, ó sì ń fi í bu ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ. Bí oúnjẹ náà bá ti ń dà, irin inú rẹ̀ a hàn síta.

Irin yìí ni oògùn artemisinin ń dúró dè. Lára ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni obìnrin onímọ̀ nì, Tu Youyou, ti rí oògùn náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2015. Bí oògùn bá kan irin náà, a di bí iná, a sì jó kòkòrò láti inú wá. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó pa á.

Kòkòrò náà kò gọ̀. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ fi hàn pé púrótéènì kan, K13, ti yí padà lára àwọn kòkòrò tí oògùn náà kì í tètè pa ní ilẹ̀ Kàmbódíà. Ní ọdún 2020 ni wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀: K13 wà lára àwọn tí ó yí ẹnu náà ká. Kòkòrò tí K13 rẹ̀ ti yí padà a máa jẹun díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Irin kò wá tó láti ta oògùn jí. Kòkòrò a fara balẹ̀ bí ẹni tí ń gbààwẹ̀, títí oògùn yóò fi kọjá. Irú rẹ̀ ti wà ní Rùwáńdà, ní Ùgáńdà, ní Tànsáníà àti ní Ẹritréà.

Láàárín wákàtí díẹ̀ ni artemisinin ń kúrò nínú ara. Nítorí náà ni a ṣe pa á pọ̀ mọ́ oògùn kejì tí ń pẹ́ jù ú lọ. Ọjọ́ méjì ni kòkòrò fi ń dàgbà tí ó sì ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì kan jáde láti wọ òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta oògùn ni ó lè ká a mọ́. Bí a bá dá a dúró ní ọjọ́ kejì, àwọn tí ó le jù ni yóò ṣẹ́kù, ẹ̀fọn yóò sì gbé wọn lọ sí ilé aládùúgbò. Oògùn ayédèrú tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ń ṣe irú iṣẹ́ burúkú kan náà, nítorí oògùn inú rẹ̀ lè má tó.

Bí ó bá jẹ́ artemether àti lumefantrine ni wọ́n fún ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni yóò lò ó, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní òróró díẹ̀. Bí ó bá sì bì í láàárín wákàtí kan, a ó tún un fún un, a ó sì padà sí ilé ìwòsàn láti gba èyí tí yóò dí àyè rẹ̀.