BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ BÁ Ń KÚ LÓJIJÌ

Ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò nínú ọ̀pọ̀ ilé. Òun ni ọmọ tí ó wà ní yunifásítì BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́ fi ń kọ iṣẹ́ ìwé rẹ̀. Òun ni ìyá fi ń ṣe ìṣirò ọjà. Bí ó bá kú lójijì, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan lè ṣòfò. Ọ̀pọ̀ a sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, wọn a náwó, bí wọ́n bá sì gbé e délé, a tún kú. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo wáyà kí a tó wá ọ̀tá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ di mú ni èyí: ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń kú ni ó sábà máa ń tọ́ka sí ohun tí ó ń pa á. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa kọ aago tí ó kú, iye ìṣẹ́jú tí ẹ ti fi lò ó, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní àkókò náà.

Ìkínní: bí ó bá ń kú nígbà tí gílóòbù bá ṣe bàìbàì, tàbí nígbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná ni kí ẹ fura sí. Yálà ẹ ṣì ń pè é ní NEPA, tàbí ẹ ń pè é ní BEDC, tí ó gba iṣẹ́ pípín iná ní Èkìtì ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, nǹkan bí volt 230 ni ó yẹ kí iná ilé jẹ́. Ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri mìíràn, kí ẹ sì lo stabilizer tí ó dára. Bí ẹ bá ní UPS, ẹ rántí pé bátìrì inú rẹ̀ kì í sábà lò ju ọdún 3 sí 5 lọ. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná wọn jẹ́ volt 120, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì pupa tí a kọ 115 àti 230 sí, orí 230 ni kí ó wà kí ẹ tó tan án.

Ìkejì: bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tó kú, tí ó sì tún tètè kú bí ẹ kò bá jẹ́ kí ó sinmi, ooru ni. Bí processor inú rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá bo òkè Olósùnta, eruku yìí kan náà ń dí fáànù kọ̀ǹpútà. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ di fáànù mú kí ó má yí, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà kúrò. Ní ti laptop, ẹ má ṣe lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì; orí tábìlì ni àyè rẹ̀.

Ìkẹta: bí kò bá ní ìgbà kan pàtó tí ó ń kú, ó lè jẹ́ power supply tàbí memory ni ó bàjẹ́. Èyí di ti oníṣẹ́. Ẹ ní kí ó fi power supply mìíràn tí ó dára dán an wò kí ẹ tó sanwó ohunkóhun. Ẹ má ṣe tú power supply fúnra yín, nítorí iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù kí ó tó kú, ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tí ó kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ òórùn ohun tí ń jó, ẹ pa iná, ẹ má ṣe tún un tàn mọ́.

Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe dúró de àtúnṣe. Ẹ máa tẹ Ctrl àti S ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì máa kó ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì ní alaalẹ́. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́, ẹ fi ìwé kékeré yẹn hàn án. Yóò dín wàhálà rẹ̀ kù, yóò sì dín owó yín kù.