Etí Ni Ọmọdé Fi Ń Kọ́ Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Aṣọ rírán niṣẹ́ mi ní Akpassi, lágbègbè Bantè níhìn-ín, aṣọ náà ló sì kọ́kọ́ gba ojú mi nínú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọmọ Kétu lọkọ mi. Nígbà tó mú mi gba Savalou, Dassa àti Bohicon lọ sílé wọn, a bá ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pàdé. Ọkùnrin ló ń jó, ṣùgbọ́n gèlè, ìró àti ọ̀já tí wọ́n fi ń pọnmọ ni wọ́n tò sára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí gbogbo rẹ̀ ń fò bí wọ́n ti ń yí. Ìyá ọkọ mi nàka sí ọ̀já kan, wọ́n ní, "Èyí tí mo fi pọn ọkọ rẹ nìyẹn." Àwọn oníjó ti wá yá a lọ́wọ́ wọn láàárọ̀. Kò sí obìnrin tó ń fi aṣọ du oníjó, nítorí àwọn ìyá la fi ijó yìí ń yẹ́ sí: ìyá tó bíni, ìyá tó ti lọ, àti àwọn ìyá wa tí a kì í dárúkọ lásán.

Òru ni ti Ẹ̀fẹ̀, apá orin ọdún náà. Akọrin á kí àwọn ìyá, á tọrọ ire fún ìlú, á sì sọ̀rọ̀ sí ẹni tó hùwà tí kò yẹ. Ọ̀sán ni ijó. Lára ère igi tí oníjó gbé rù, ojú obìnrin tó tutù ló máa ń wà nísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹyẹ, ejò, alùpùpù. Mo rí èyí tí wọ́n gbẹ́ télọ̀ sí, tó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀. Inú mi dùn kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ kọ́ ijó náà. Bàbá ọkọ mi kò jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ rárá. Wọ́n ní kó jókòó, kó máa fẹnu sọ ohun tí ìlù ń sọ. Gbólóhùn tí onílù bá lù ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ibi tó parí sí. Ẹsẹ̀ ni oníjó fi ń tún un sọ, ṣaworo irin ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa bá ìlù dún, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́ pọ̀. Bí ìlù bá dákẹ́ tí ṣaworo ṣì ń dún, gbogbo òǹwòran mọ̀ pé oníjó kò gbọ́ ìlù. Ìgbà tọ́mọ náà mọ̀ ọ́n lẹ́nu tán ni Bàbá tó ní kó dìde, kó máa tẹ ilẹ̀. Apá ló kẹ́yìn. Wọ́n sì fi ọmọ àbúrò ọkọ mi ṣe ìkejì rẹ̀, torí méjì-méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jáde.

Àwọn ọmọdé ló ń kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Ẹsẹ̀ á ṣì, aṣọ á tú, àwọn ìyá á sì máa hó fún wọn. Ẹ̀yìn wọn làwọn ọ̀dọ́, àwọn ògbólógbòó ló ń kádìí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an: ojú ìlú lọmọ ti ń kọ́ ijó, kì í ṣe kọ̀rọ̀.

Ní Gujarat, nílẹ̀ Íńdíà, wọ́n ní ijó garba, tó jẹ́ ti ìyá bákan náà. Òru mẹ́sàn-án ọdún Navaratri ni wọ́n fi ń jó o fún Amba, òrìṣà obìnrin wọn. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dá ihò sí lára, tí fìtílà ń jó nínú rẹ̀, á wà láàárín, tọkùnrin tobìnrin á máa yí i po. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, oníméjì àti onímẹ́ta; ìlù á rọra bẹ̀rẹ̀, á sì máa yára. Síkẹ́ẹ̀tì wọn fẹ̀ dáadáa, dígí wẹ́wẹ́ ni wọ́n rán mọ́ ọn. Iṣẹ́ télọ̀ gidi ni.

Àjọ UNESCO kọ garba sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2023. Wọ́n ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ ìwé náà ní 2008. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ló ń mú ijó wà láàyè: àwọn ará Gujarat tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń gba gbọ̀ngàn lọ́dọọdún kí ọmọ wọn lè jó. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Cotonou àti Parakou, ẹ rán wọn wálé kí ọjọ́ ọdún tó kò, kí wọ́n jókòó ti onílù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yá wọn ní ọ̀já.